Ta Ni Yóò Sọ Pé "Ó Tó"? Ìtàn Ìbáwí Ọmọ àti Eré Géèmù ní Festac Town

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé Yorùbá. Ọ̀rọ̀ pàṣán ni. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe fi "kọ́" kan náà sọ̀rọ̀ ọmọ, tí wọ́n sì fi sọ̀rọ̀ ilé. Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ìlú tí ìjọba kọ́ láti ìpilẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ibẹ̀ dára fún wa láti wo bí a ṣe ń kọ́ ọmọ nínú ilé tí a kọ́.

Kí n tó wọnú ìtàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, ilé alájà kan ní Festac ni a sì ń gbé. Ìyá mi fún mi lówó kí n lọ ra búrẹ́dì. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn ọmọdé ti ń sanwó gbá géèmù, mo sì jókòó ti bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó búrẹ́dì tán. Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀. N kò ní ka iye ẹgba náà fún yín, nítorí èmi pàápàá kò kà á. Ohun tí mo rántí ni pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn kíkankíkan. Aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ni, obìnrin Ìgbò tí Yorùbá tí ó gbọ́ kò ju èyí tí ó fi ń ná ata lọ́jà lọ. Ó ké láti ìta pé, "Bàbá, ó tó! Ó tó o!" Bàbá mi sì dáwọ́ dúró. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá. Ẹ ṣé."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ méjì tí obìnrin yẹn sọ.

Ohun tí èdè fi yé wa

"Tọ́" ni a ń lò fún ohun tí ó gún, tí kò wọ́. Òun náà ni a fi ń sọ pé a tọ́ ọmọ. Láti inú rẹ̀ ni "ẹ̀tọ́" ti jáde, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń lò lónìí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọdé. "Tó" ní tirẹ̀ ni kí nǹkan kún ìwọ̀n. Àmì ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín "ó tọ́" àti "ó tó". Ẹni tí ń na ọmọ lè máa wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí òun ń ṣe tọ́; ẹni tí ó wà níta ló sábà máa ń mọ̀ pé ó ti tó.

Ẹ tún wo "ìbáwí". "Bá" àti "wí" ló di ìbáwí. Ẹnu ni ìpilẹ̀ rẹ̀. Nínà wà lọ́tọ̀, ìyà sì wà lọ́tọ̀. A lè bá ọmọ wí láìnà án, a sì lè nà án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ láìtíì bá a wí, bí ọmọ náà kò bá mọ ohun tí a torí rẹ̀ nà án. Àwọn àgbà pa á lówe pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Òwe náà kò sọ pé kí a má nà á. Ohun tí ó sọ ni pé ọwọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà.

Nínú agbo ilé

Kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó tó dé, agbo ilé ni ọmọ Yorùbá ti ń dàgbà. N. A. Fadipe, tí ó kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá fún Yunifásítì London ní ọdún 1939, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1970, jẹ́ kí a mọ bí agbo ilé ṣe jẹ́ ìpilẹ̀ ìgbé ayé Yorùbá. Bàbá àti ìyá nìkan kọ́ ló ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Gbogbo àgbà ló lọ́wọ́ sí i. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ojú ni ìbáwí àkọ́kọ́: ìyá yóò wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan láàárín àlejò, ọmọ yóò sì mọ̀ pé kí òun má mú ẹran náà. Lẹ́yìn ojú ni òwe, lẹ́yìn òwe ni àlọ́ Ìjàpá, lẹ́yìn àlọ́ ni ìkúnlẹ̀, kí àtòrì tó kàn.

Eré pẹ̀lú wà lójú gbogbo ayé. Ayò, òkòtó, bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran, ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ tí ó bá jókòó ti ọpọ́n ayò títí ó fi gbàgbé omi tí wọ́n ní kí ó pọn, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi pè é lórúkọ.

Nígbà tí àtòrì bá sì wá jáde, ètò mìíràn tún wà. Ọmọ yóò sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Bàbá àgbà yóò gbọ́ ariwo láti inú iyàrá rẹ̀, yóò sì wí pé, "Ó tó. Fi í sílẹ̀ nítorí tèmi." Bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Ojú àánú lásán kọ́ ni kí a fi wo èyí. Ẹni tí ń nà àti ẹni tí ń gbà sílẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ọmọ yóò kọ́ pé ohun tí òun ṣe kò dára, yóò sì tún kọ́ pé ìbínú bàbá òun ní ààlà.

N kò fẹ́ kí a pọ́n agbo ilé kọjá bí ó ti rí. Wọ́n fi ata sójú àwọn ọmọ kan nínú agbo ilé náà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà, nínú èyí tí a ti ń fi ènìyàn sìn nítorí owó tí a yá. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe ìwọ̀fà wà lábẹ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ kò sí nítòsí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá nínú ìtàn yìí: ibi tí ẹni tí yóò sọ pé "ó tó" kò bá sí, ibẹ̀ ni ìyà ti máa ń kọjá ààlà.

Pàṣán wọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì wọ ilé ìsìn

Ọ̀nà ńlá tí ó kọjá lẹ́nu Festac ń lọ sí Àgbádárìgì. Ìlú yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, nígbà tí ó sì di ọdún 1843, wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, pàṣán àti ìwé jọ ń rìn ni. Báyìí náà ni wọ́n ṣe jọ wọlé tọ̀ wá wá. Ilé ẹ̀kọ́ mú olùkọ́ kan síwájú ọ̀pọ̀ ọmọ. Nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kò sí ìyá àgbà tí ọmọ lè sá sẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1884 ni odidi Bíbélì wà ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Ìwé Òwe, orí 13 ẹsẹ 24 àti orí 23 ẹsẹ 13, bá òwe tiwa pàdé lójú ọ̀nà. Ìtumọ̀ wọn ni pé òbí tí ó bá fẹ́ràn ọmọ kò ní fà sẹ́yìn nínú bíbá a wí, kódà pẹ̀lú ọ̀pá. Láti ìgbà náà ni òbí tí ń na ọmọ ti lè wí pé Ọlọ́run ló ní kí òun nà án. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, tí ilé kéú wọn ti wà nílẹ̀ Yorùbá ṣáájú àwọn míṣọ́nárì, hádíìsì kan ní kí a pa àṣẹ ìrun fún ọmọ ní ọdún méje, kí a sì nà án lórí rẹ̀ bí ó bá pé mẹ́wàá. Inú èdè Haúsá ni "bùlálà" tí a ń gbọ́ ní ilé kéú ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìwé náà dé òpin. Deutarónómì, orí 25 ẹsẹ 3, fi ààlà sí iye ẹgba tí adájọ́ lè pa láṣẹ. Ogójì ni, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí a ń nà má baà di ẹni ẹ̀gàn lójú arákùnrin rẹ̀. Éfésù, orí 6 ẹsẹ 4, kìlọ̀ fún àwọn bàbá kí wọ́n má mú ọmọ wọn bínú. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wọlé ní kí ẹnikẹ́ni má nà ju ẹgba mẹ́wàá lọ, àfi nínú ìjìyà tí òfin Ọlọ́run là sílẹ̀. Òmíràn sì kọ̀ pé kí a lu ènìyàn lójú. Anas ọmọ Malik, tí ó sin Ànábì fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré, jẹ́rìí pé kò fi ìgbà kan kanra mọ́ òun. Ìwé méjèèjì ló ní "ó tó" tiwọn. Àwa ni a máa ń ka ibi tí ọ̀pá wà, tí a sì ń fo ibi tí ààlà wà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ṣe pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo Abẹ́òkúta. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1931, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 títí di 1954. Akíkanjú olùkọ́ ni, pàṣán rẹ̀ sì lókìkí. Ọmọ rẹ̀, Fẹlá, sọ ọ́ nígbà tí ó dàgbà bí bàbá àti ìyá òun ṣe na òun tó. Àwọn ọmọ Fẹlá, ní tiwọn, orúkọ ni wọ́n ń pe bàbá wọn.

Ìjọba amúnisìn náà kò gbẹ́yìn. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1916 gba òbí àti olùkọ́ láàyè láti fi ọwọ́ bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún wí. Ó wá fi kún un pé ìbáwí náà gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti ìlera ọmọ bá ṣe rí, àti pé a kò gbọdọ̀ na ọmọ tí kò tíì lè mọ ìdí tí a fi ń nà án. Òfin mọ̀ pé "ó tó" wà. Kò kàn yan ẹni tí yóò máa sọ ọ́ nínú ilé ni.

Ìlú tí a kọ́ fún àlejò

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977 ni àjọ̀dún FESTAC wáyé ní Nàìjíríà. Àwọn aláwọ̀ dúdú láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ kóra jọ sí Èkó. Orí ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú tuntun sí fún àwọn àlejò wọ̀nyí, ó la títì ńláńlá, ó sì pín àdúgbò sí ojúlé ojúlé. Fẹlá kò bá wọn lọ́wọ́ sí àjọ̀dún náà. Ojúbọ tirẹ̀ ni ó dúró sí, tí àwọn àlejò sì ń wá wò ó níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀ ní Kàlákútà, wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sì sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà ṣaláìsí ní ọdún 1978. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ìjọba pé ó tó.

Lẹ́yìn àjọ̀dún, wọ́n pín àwọn ilé Festac fún àwọn ọmọ Nàìjíríà nípa ìbò. Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó, Ìbíbìò àti Haúsá di aládùúgbò ara wọn. Ilé náà dára: omi wà nínú rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá àgbà lè jókòó sí. Ìyá àgbà wà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì, ìgbà ọdún tàbí ìgbà ìkómọjáde ló ń wá. Bàbá àti ìyá kó lọ sí ilé tuntun, wọ́n sì mú pàṣán dání. Ẹni tí ń gba ọmọ sílẹ̀ kò bá wọn lọ.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1984, ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn bẹ̀rẹ̀ ogun tí wọ́n ní àwọn ń bá ìwàkiwà jà. Àwọn ọmọ ogun gbé kòbókò dúró ní ibùdókọ̀ kí ènìyàn lè tò. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n ní kí ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú àwọn tí ó kéré sí i. Irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Festac. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó: kòbókò tí bàbá sá fún ní ibùdókọ̀ ní àárọ̀, a lè mọ ibi tí ó máa ń balẹ̀ sí ní alẹ́.

Géèmù dé, sáíbà kafé tẹ̀ lé e

Ní àwọn ọdún 1990, Nintendo, Sega, lẹ́yìn náà PlayStation, wọ àdúgbò. Ilé tí ó ní i kò pọ̀, nítorí náà àwọn oníṣòwò sọ ọ́ di ọjà: tẹlifíṣọ̀n mélòó kan nínú ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọdékùnrin lórí bẹ́ǹṣì tí ń retí kí ẹni tí wọ́n nà dìde kí wọ́n lè bọ́ síbẹ̀. A ń ta ayò lójú àgbà. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni a ń gbá géèmù. Ìyẹn ni ohun tí ó ba òbí lẹ́rù, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé owó ni.

Nígbà tí ó di ìparí àwọn ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, sáíbà kafé gba ìlú. Ẹ ó ra àkókò, ẹ ó jókòó, ayé yóò ṣí sílẹ̀ níwájú yín. Àwọn kan ń wá ilé ẹ̀kọ́ gíga lókè òkun, àwọn kan ń gbá géèmù, àwọn kan ń kọ lẹ́tà ẹ̀tàn sí àwọn aláwọ̀ funfun. Orúkọ Festac bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìròyìn àgbáyé lórí ọ̀ràn jìbìtì yìí. Ní ọdún 2005, ìwé ìròyìn Los Angeles Times gbé ìròyìn gígùn jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Òfin tí ìjọba ṣe ní ọdún 2006 mú kí àwọn oní-kafé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ EFCC. Òfin ọdún 2015 tún ní kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn tí ń wá lò ó sínú ìwé.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ilé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí àti ní ìpàdé òbí pẹ̀lú olùkọ́. Àwọn kan ní iṣẹ́ èṣù ni géèmù. Wọn kò dá wà nínú èrò bẹ́ẹ̀, nítorí ní ọdún 2001 àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn ní Saudi Arabia ka eré Pokémon léèwọ̀. Àwọn kan ní ọmọ tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà yóò di ẹni ẹ̀yìn. Àwọn kan ní kí a nà wọ́n ni, pé ìgbà tí a ń nà wọ́n, wọn kò ṣe báyìí.

Ẹ má jẹ́ kí a fi àwọn òbí wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù wọn ní ìdí. Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbàlagbà ní í mọ ibi tí yóò wó sí. Bàbá tí ń gba owó oṣù rí ọmọ aládùúgbò tí kò tíì pé ogún ọdún tí ó ra ọkọ̀. Bí ọmọ bá lówó ju bàbá lọ, ta ni yóò bá a wí? Nítorí náà ni pàṣán ṣe ń yára jáde fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó kàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ iwájú ni a ń nà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n pàṣán kò ní ojú. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ń ṣeré àti ọmọ tí ń jalè. Èyí tí a bá sì nà nítorí ṣọ́ọ̀bù ìtòsí, èyí tí ó jìnnà ni yóò máa lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn.

Ní àkókò kan náà ni òfin tuntun dé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 2003. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ọdún kan náà tí ó ṣe òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé. Òfin ọmọdé sọ pé iyì ọmọ kò gbọdọ̀ di títẹ̀mọ́lẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é léṣe tàbí dá a lóró. Ó tún ní kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà. Ọ̀pọ̀ òbí gbọ́ "ẹ̀tọ́ ọmọdé", wọ́n sì rò pé àṣà òyìnbó ni wọ́n fẹ́ fi gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Bí mo bá tún un kà, ohun tí mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni ohùn bàbá àgbà láti inú iyàrá.

Ọ̀nà kan náà, òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ bá mi gba ọ̀nà Àgbádárìgì yẹn lọ. Láti ẹnu Festac, ẹ ó kọjá Òkokomáíkò, ẹ ó dé Àgbádárìgì, ẹ ó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ní òdìkejì ni Àjàṣẹ́ àti Kútọnu wà, níbi tí àwọn Yorùbá bíi tiwa ń gbé. Òfin ọmọdé tí orílẹ̀-èdè Benin ṣe ní ọdún 2015 kọ nínà ọmọ, títí kan inú ilé. Tógò, tí ó wà níwájú rẹ̀, ti ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 2007. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọmọ aláwọ̀ dúdú kò ṣeé tọ́ láìsí ẹgba, àwọn ará ọ̀nà wa ló ń bá jiyàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kó pàṣán ilé ẹ̀kọ́ wá fún wa, òfin ọdún 1986 gbé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Scotland kọ̀ ọ́ fún òbí pẹ̀lú ní 2020, Wales ní 2022. Àwọn Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ mọ ìṣòro mìíràn. Níbẹ̀, ẹni tí ń sọ pé "ó tó" lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ orúkọ ìyá àgbà ọmọ, tí ó sì lè mú ọmọ lọ pátápátá. Ẹ rí i pé "ó tó" náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn. Kò mú mi lọ sí ilé rẹ̀.

Ṣé òfin ti mú un kúrò lọ́dọ̀ wa? Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe ní 2014 pẹ̀lú UNICEF fi hàn pé bí ọmọ méjì bá dàgbà ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti jìyà lílù kí ó tó pé ọdún méjìdínlógún. Òfin wà lórí ìwé. Ilẹ̀kùn ilé ṣì wà ní títì.

Lọ́wọ́ tí a wà yìí

Géèmù ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti bọ́ sínú àpò. Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, fóònù di iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Òbí tí ó ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ní láti dá a padà fún un. Géèmù tí ọmọ ń gbá lónìí ń so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí kò rí rí. Igba ojú ti padà dé, ṣùgbọ́n a kò mọ àwọn tí ó ni wọ́n.

Ayé gbogbo ló ń wá ojútùú. South Korea ṣe òfin ní 2011 tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún gbá géèmù íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Nígbà tí ó di 2021, wọ́n pinnu láti wọ́gi lé e. Ní ọdún 2021 kan náà, China fi wákàtí kan sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Sátidé àti Àìkú fún àwọn tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà ní 2019 pé géèmù lè di àrùn, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìwọ̀n sí i: kí ẹni náà má lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, kí géèmù gba ipò gbogbo ohun mìíràn, kí ó má lè fi í sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń pa á lára, kí ó sì pẹ́ tó bí ọdún kan. Ọmọ tí ó kàn fẹ́ràn géèmù kò sí nínú ìyẹn.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ìwọ̀n ni wọ́n ń wá. Bí ọmọ kò ṣe mọ ìgbà tí eré tó, bẹ́ẹ̀ ni òbí tí inú ń bí kò mọ ìgbà tí ẹgba tó. Àwọn méjèèjì nílò ẹnì kẹta. Agbo ilé kò ní padà wá sí Festac, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè wó ògiri ilé. Ohun tí ìdílé lè ṣe ni kí ó yan ẹnì kan tí òbí fúnra wọn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kí ọmọ mọ ẹni náà, kí ó sì mọ nọ́ńbà rẹ̀. Bí ó bá sì kọjá agbára ẹbí, ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ kan tí ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọdún 2021.

Bàbá mi nà mí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn mọ́. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í léèrè ìdí tí ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà lọ́jọ́ tí ó kan ilẹ̀kùn. Ó ní bí ìyá òun bá wà nínú ilé lọ́jọ́ náà, ohun tí ì bá sọ nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Obìnrin Ìgbò yẹn ni àgbà tí ó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì fi tún orí ọmọ ṣe.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ wa tọ́, kí ó sì jẹ́ kí a mọ ìgbà tí ó tó. Àṣẹ.